Àwọn Àgbébọ̀ Tó Ń Húkọ́

Kí ọkọ mi tó di olùsìn adìyẹ, àga ló ń sìn. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì nílé ìfìwéránṣẹ́, níbi tó ti ń fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà láti àárọ̀ dalẹ́, ó gbé àga kan sínú yàrá tí mo ti ń ránṣọ, ó kọjú sí ògiri, ó sì jókòó. Bí mo bá bi í pé kí ló ń wò, á ní kò sí. Nígbà tí ògiri bá sú u, á yíjú sí mi, á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Èmi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun kí n tó mọ̀ ọ́n! Mo fara da ìyẹn. Ohun tí n kò lè fara dà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù níwájú rẹ̀ wá di ẹni tó ń fi orí dáhùn ìkíni. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò dìde mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Dókítà mú ṣòkòtò wá sọ́dọ̀ mi kí n bá òun gé e kúrú, tó ń ròyìn adìyẹ bí ẹni ń ròyìn ìyàwó tuntun, tí mo sì rí i pé ọkọ mi yí ọrùn kúrò lára ògiri láti gbọ́, mo ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ mú Bàbá wọn dání lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ olùsìn adìyẹ yín." Ẹnu ara mi ni mo fi pè é. Ẹ jẹ́ kí n máa ráhùn lọ, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi bú ẹlòmíì.

Ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Dókítà ni alága. Dókítà eyín ni o, eyín ló ń yọ fún aráyé. Ṣùgbọ́n nítorí pé Dókítà ni wọ́n ń pè é, wọ́n gbà pé kò sí àìsàn adìyẹ tí kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí bi í pé eyín mélòó ló wà lẹ́nu adìyẹ. Káfíńtà ni igbákejì rẹ̀. Ilé adìyẹ tí ọkùnrin yìí kọ́ sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀ rẹwà débi pé kò jẹ́ kí adìyẹ kankan wọ̀ ọ́, kí wọ́n má bàa yàgbẹ́ sí i. Ẹ̀bá ìkòkò òdòdó ni àwọn adìyẹ rẹ̀ ń sùn. Ẹnì kẹta ni Tíṣà, obìnrin tó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, tó gbà pé òròmọdìyẹ tí wọn kò bá bá wí ní kékeré, ẹyin rẹ̀ kò ní dọ́gba tó bá dàgbà. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń pàdé, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ju méjì lọ: bí mo ṣe kọ́ tèmi, àti ìdí tí tìrẹ kò fi dára.

Ìyá Onílé wa ń gbé lókè. Fèrèsé yàrá tó ń sùn ṣí sórí ẹ̀yìnkùlé gan-an. Nígbà tí ọkọ mi gòkè lọ tọrọ àyè, màmá náà ní, "Adìyẹ ò burú. Abo ni o. Mi ò fẹ́ àkùkọ. Ọkọ mi tó kú, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi hanrun sí mi létí. Oorun díẹ̀ tó wá kù fún mi yìí, mi ò ní bá àkùkọ kankan pín in. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́kọ̀ọ̀, ẹ kó wọn jáde nílé mi."

Ọkọ mi ní, "Màmá, abo ni." Kò tíì ní ẹyọ kan.

Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan: ẹni tuntun kò gbọdọ̀ dá ilé adìyẹ rẹ̀ kọ́. Gbogbo wọn ló gbọdọ̀ bá a kọ́ ọ. Wọ́n kó pákó dé, wọ́n kó ìṣó, wáyà àti ìmọ̀ràn dé. Ìmọ̀ràn ló pọ̀ jù. Dókítà ní atẹ́gùn ni ẹ̀mí adìyẹ, ó gba fèrèsé mẹ́ta. Tíṣà ní àfi kí àkàbà wà níbẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò. Káfíńtà ní òun kò ní fi òrùlé pẹrẹsẹ ba ara òun lórúkọ jẹ́, ó ṣe é ní góńgó, ó la ọ̀nà omi sí i létí, ó fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi ń dán. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́.

Mo yọrí lójú fèrèsé mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo lèèyàn máa gbà wọlé lọ gbá a?"

Wọ́n wo ara wọn. Fèrèsé wà, àkàbà wà, ọ̀nà omi wà. Ilẹ̀kùn ni kò sí. Ihò tí adìyẹ á máa gbà wọlé nìkan ló wà níbẹ̀. Káfíńtà sì búra pé kò sẹ́ni tó máa fi ayùn kan iṣẹ́ tí òun ti kùn. Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá fẹ́ gbá ilé adìyẹ, ńṣe ló ń rá pálá wọ inú ihò, tí á ku bàtà rẹ̀ nìkan síta.

Kó tó di pé ilé yẹn gba àlejò, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọṣọ ni wọ́n gbé páálí òròmọdìyẹ sí, mẹ́fà, pẹ̀lú gílóòbù kan lókè wọn láti mú wọn móoru. Ìmọ̀ràn tún dé. Dókítà ní kí gílóòbù sún mọ́ wọn. Tíṣà ní kó jìnnà sí wọn, ooru àpọ̀jù ló ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Ọkọ mi ń fà á sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí ó fi dákẹ́ tó wo àwọn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó rí i pé bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á rọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n á máa ké. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á sá lọ sí igun páálí, wọ́n á lanu. Bó bá wá tó wọn, wọ́n á fọ́n káàkiri, wọ́n á máa jẹun.

"Ìyá wọn," ó ní, "wá wò ó."

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí wá wo nǹkan.

Ọ̀kan nínú wọn kò lókun rárá. Ìgbẹ́ ti gbẹ dí i ní ìdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e. Dókítà ní kó fi í sílẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ kò ní bá a láyé. Ọkọ mi fi òwú tó rin fún omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ nù ún nídìí, ó gbé e sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri ilé, ó ń ròyìn àwọn lẹ́tà tó sọnù àti àwọn ọ̀gá burúkú fún un. Ó sọ ọ́ ní Ìyáàfin. Mo bá a rán àpò tó jìn díẹ̀ sí gbogbo ẹ̀wù rẹ̀, mo sì dijú sí ohun tó ń kán jáde lábẹ́ àpò náà. Inú mi dùn. Bó bá jẹ́ ejò ló fẹ́ gbé sáyà tó fi máa sọ̀rọ̀, mà bá rán àpò fún ejò.

Ọjọ́ tí wọ́n máa mọ akọ mọ abo, Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó tan iná kékeré tó fi ń wo eyín àwọn aláìsàn rẹ̀, ó la ẹnu àwọn adìyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó ń mirí. "Abo," ó ní. "Abo. Abo náà nìyí." Nígbà tó dé orí Ìyáàfin, ó ní abo pátápátá. Tíṣà wo ìyẹ́ apá wọn, ó ní ẹnu òun ni Dókítà gbà á mọ́. Káfíńtà ní ìrìn wọn lòun fi mọ̀ ní tòun.

Kò pẹ́ tí ogbe fi yọ lórí gbogbo wọn, tó pọ́n fòò. Ìrù wọn tẹ̀ bí dòjé, wọ́n sì ń fi àyà ko ara wọn lójú bíi àwọn tó ń du oyè. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé wọn, mo ní ẹ̀yin ará, ẹ tún àwọn abo yìí wò.

Dókítà rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyàwó wa, irú adìyẹ yìí, abo wọn máa ń lógbe. Ẹ jẹ́ ká fiṣẹ́ sílẹ̀ fóníṣẹ́."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Àárín ìpàdé ló ti ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo wọn. Tíṣà ń ṣàlàyé bí òun ṣe kọ́ adìyẹ òun láti má fi ẹsẹ̀ wá oúnjẹ bí ará oko, ni Ìyáàfin bá fò sórí òrùlé, ó na ọrùn, ó pajú dé, ó ní, "Kọ́kọ́rọ́kọ̀ọ̀!"

Ife tíì Tíṣà dúró láàárín ọ̀nà. Gbogbo wọn kọjú sí Dókítà. Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ikọ́ ni," ó ní.

"Ikọ́ kẹ̀?" Ọkọ mi nìyẹn.

"Ikọ́ gbígbẹ. Ó máa ń mú àgbébọ̀ tó bá ti kù díẹ̀ kó yé. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun ẹ̀."

Káfíńtà ní kí wọ́n má fòyà, gbogbo àárọ̀ ni tòun ń húkọ́ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní ikọ́ tòun tiẹ̀ le ju èyí lọ. Mo ki aṣọ tí mo ń rán bọ ẹnu kí n má bàa bú sẹ́rìn-ín.

A gbọ́ sálúbàtà lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Onílé sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà níbàdí.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ikọ́ ni, Màmá," gbogbo wọn ní lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ikọ́ ta ni?"

"Ti Ìyáàfin," ọkọ mi ní.

Màmá wo Ìyáàfin lórí òrùlé. Ìyáàfin náà wo Màmá. "Mo ti darúgbó lóòótọ́," màmá ní, "mi ò tíì ya dìndìnrìn. Ó dáa, ẹ ní abo ni. Abo máa ń yé. Sátidé tó ń bọ̀ mo máa sọ̀ kalẹ̀ wá wo ẹyin. Bí mi ò bá rí ẹyin, ẹ kó wọn jáde kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."

Bó ṣe di adìyẹ bà lókùn nìyẹn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọkọ mi ń lọ èèpo ẹyin mọ́ oúnjẹ wọn. Ó ń tẹ́ koríko tuntun sínú ìtẹ́. Ó ń bẹ̀ wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé Ìyáàfin wá síwájú ẹ̀rọ mi, ó ní, "Ìyá wọn, ṣé o lè rán kọ́là fún wọn?"

"Kọ́là bíi ti ta ni?"

"Èyí tó máa di ọ̀fun mú díẹ̀, tí atẹ́gùn ò ní lè rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní pa wọ́n lára. Wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa mí. Ohùn yẹn nìkan ni kò ní ròkè."

Mo mú téèpù. Mo ti wọn ọrùn ìyàwó, mo ti wọn ọrùn adájọ́, n kò wọn ọrùn àkùkọ rí. Mo rí ìgékù àrán dúdú kan, mo fi ìka méjì sáàárín aṣọ àti ọ̀fun kó má bàa fún un pa. Ọkọ mi ń di apá rẹ̀ mú. Ibi tí mo ti ń fi píìnì mú un ló ti sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

"Àkùkọ ni wọ́n, àbí?"

"Gbogbo wọn pátá."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí ogbe ti yọ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́?"

Ó fọwọ́ pa ìyẹ́ Ìyáàfin lẹ́yìn. "Bí mo bá sọ ọ́, Dókítà á tẹ́. Bí Dókítà bá tẹ́, kò ní wá mọ́. Bí kò bá wá, Káfíńtà àti Tíṣà ò ní wá." Ó fi àgbọ̀n júwe ibi tí àga wà. "Mi ò fẹ́ padà sórí nǹkan yẹn, Ìyá wọn. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

Mo fi eyín já òwú. Omi bọ́ lójú mi sórí àrán náà, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọkùnrin tí mo rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe é, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Kọ́là náà ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tó jáde lẹ́nu Ìyáàfin jọ ikọ́ lóòótọ́. Nígbà tí Dókítà yà wò wọ́n, tó gbọ́ ọ, ó ní, "Ṣé mo sọ fún yín?"

Sátidé pé, gbogbo wọn sì tètè dé. Ìyẹn nìkan yẹ kó fu mí lára. Tíṣà ní òun fẹ́ kí àwọn adìyẹ, ó dá lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Nígbà tó padà, Káfíńtà ní òun fẹ́ wo ìṣó kan, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Dókítà ní òun fẹ́ lọ yẹ ọ̀fun wọn wò. Mo ń wò wọ́n látojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nídìí ihò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé wọ́n ń dágbére fún àwọn àkùkọ ni.

Ìyá Onílé sọ̀ kalẹ̀. "Ẹyin dà?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó rá pálá wọlé. Bàtà rẹ̀ kò mira fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó gbé fìlà rẹ̀ dání, ẹyin mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì.

Màmá mú àkọ́kọ́. Ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Èyí tutù nini. Ṣé inú fìríìjì ni abo yín ń yé sí?" Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná rẹ̀.

Ó mú ìkejì, ó gbé e jìnnà sójú. "Wọ́n ti lu èyí lóǹtẹ̀. Ó sọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́ síbẹ̀. Adìyẹ yín mà kàwé o." Dókítà húkọ́.

Ó mú ìkẹta, ó gbá a mọ́ òrùlé. Kò! Kò! "Igi nìyí."

"Igi gidi ni, Màmá," Káfíńtà ní. Kò lè pa á mọ́ra.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ìgbà tí mo wá rí ojú ọkọ mi ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kan lẹ́yìn ẹni kan. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá lórí àkùkọ mẹ́fà láti ọjọ́ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé àkùkọ ni.

"Ìwọ lo ni wọ́n," Ìyá Onílé sọ fún ọkọ mi. "Ìwọ ni mò ń bi. Kí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

Dókítà mi orí sí i díẹ̀ pé kó má sọ ọ́. Tíṣà fún ẹnu pọ̀. Ọkọ mi wo fìlà tó ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àkùkọ ni, Màmá. Gbogbo wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo sì parọ́ fún yín. Wọ́n á jáde lónìí."

"Lónìí," màmá ní. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí i padà. Ó kó ẹyin méjèèjì tó ṣeé jẹ, ó kó ti igi náà mọ́ ọn, ó gòkè lọ.

Dókítà ní, "Bí ẹni tó ni adìyẹ bá ti fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀..." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kó iná rẹ̀ sápò. Tíṣà rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Káfíńtà fọwọ́ pa ọ̀dà òrùlé rẹ̀, ó sì bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó ní ó dàbọ̀.

Ọkùnrin kan tó ní ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ìlú ló gba àwọn àkùkọ náà. Ọkọ mi bọ́ kọ́là lọ́rùn wọn kó tó fi wọ́n sílẹ̀, Ìyáàfin ló kẹ́yìn. Ó dé, ó fọwọ́, ó jókòó sórí àga, ó kọjú sí ògiri.

Mo bínú. Mo bínú sí Dókítà, mo bínú sí Ìyá Onílé, mo tilẹ̀ bínú sí òtítọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní olóòótọ́ kì í sùn sípò ìkà. Wọn ò sọ fún wa pé á jókòó ti ògiri. Mo ń ránṣọ, mo ń tú u, mo ń tún un rán, kí ẹ̀rọ lè máa dún, kí ilé má bàa dákẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ náà lọ báyìí. Mo bi í ní ìbéèrè, ó fi orí dá mi lóhùn.

Nígbà tí Sátidé tún dé, n kò sọ pé ọjọ́ ìpàdé ni. Òun náà kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó wọ ẹ̀wù mímọ́, mo sì rí i pé ó yí etí sápá ẹnu ọ̀nà. Oòrùn kúrò ní àtàrí. Àkókò ìpàdé dé, ó kọjá. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù náà. Ó ti fẹ́ bọ́ ọ.

Ni mo bá gbọ́ ariwo níta. Tíṣà ló ń pariwo pé omi tútù ló yẹ kí òròmọdìyẹ máa mu láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n lè gbọ́n. Dókítà ní ìwà ìkà gbáà nìyẹn. Káfíńtà ní kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àwo tí wọ́n fi ń bu omi ọ̀hún ni kò dára.

Ọkọ mi ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó dúró síbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má bàa ṣì wọlé.

"Ẹ̀yin ará, kò sí adìyẹ ńbí mọ́ o," ó ní. "Ẹyọ kan ò kù."

Dókítà ń nu bàtà rẹ̀ mọ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà. Kò gbójú sókè.

"A mọ̀," ó ní. "Ṣé adìyẹ la wá kí ni?"